Ẹfúnróyè àti Àwọn Tó Fi Sàréè Ṣe Ààlà Oko

Orí bẹ́ǹṣì ni Ẹfúnróyè kú sí. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Oyin, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn náà, ní kí wọ́n wulẹ̀ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ fún un. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í tẹ́ aláìsàn sílẹ̀, pé kò bá òfin mu. Ẹfúnróyè gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fara ti ògiri, ó kú lórí ìjókòó, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé Ore lọ́dún 1967, tí ìbọn ń dún lójú títì tí ẹ ti ń ra ẹran ìgbẹ́ lónìí, dókítà kan ṣoṣo tó wà nítòsí bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ń lọ wá oògùn. A ṣì ń retí rẹ̀. Ẹfúnróyè, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ló ń kọ́ lọ́wọ́, ló kó wa jọ sínú sítọ́ọ̀ kòkó kan létí ìlú, tí ẹni tó ni ín ti sá lọ, tí kò sì padà wá mọ́. Lawrence télọ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú ní Ajue wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, n kò tíì lọ́kọ. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́. Àpò kòkó ni bẹ́ẹ̀dì. Ìró wa ni báńdéèjì: ẹni tó ní méjì ń fa ọ̀kan ya, ẹni tó ní ọ̀kan ń fa ìdajì ya. Abẹ́rẹ́ tí Lawrence fi ń rán kóòtù ọkọ ìyàwó ló fi rán itan sójà kan tó ń jẹ́ Gàzálì. Ó rán an dáadáa. Gàzálì ní kó bá òun fi àpò sí i.

Tọ̀tún-tòsì la gbà, sójà tó gbọgbẹ́, ti ìjọba àti ti Biafra. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá sójà kan wọlé, ó nawọ́ sí ọmọ Ìbò tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàzálì.

"Sísítà, ọ̀tá nìyẹn o."

Ẹfúnróyè kò gbójú sókè. "Bí ẹ bá gbé e kúrò lórí àpò yẹn, ẹ̀yin lẹ máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ààyè ṣófo."

Ọ̀gá náà jáde. Nígbà tí àwọn sójà rẹ̀ ń lọ, ó padà wá sọ fún un pé ìjọba kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Bóyá ìjọba ibòmíràn ló ń sọ.

Àwọn tó kú lọ́wọ́ wa, ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ la sin wọ́n sí. A kò mọ ta ni onígbàgbọ́, a kò mọ ta ni mùsùlùmí, a kò mọ orúkọ ẹlòmíràn. Ẹfúnróyè gé pèrègún, ó ń gbin ọ̀kan sí ìgbèrí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní igi àgbélébùú á jẹrà, pèrègún kì í kú. Ọdọọdún ló ń gbé àdá lọ ro ibẹ̀, títí ó fi di arúgbó tó ń jókòó ro ó. Lóṣù kìíní, bí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn sójà tó ti kú, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á yìnbọn. Wọn kò pe Ẹfúnróyè rí. Ẹyẹlé ni wọ́n ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹyẹlé wo ló fọ egbò ní Ore?

Ohun kan ló bẹ̀ wá kó tó kú, pé ká sin òun sáàárín wọn. "Aláìsàn mi ni wọ́n," ó ní. "Mi ò tíì ní kí wọ́n máa lọ sílé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Ìgbìmọ̀ Atún-Ìkóríta-Ṣe fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn sítọ́ọ̀ náà. Wọ́n rán àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá. Wọ́n rí pèrègún tó tò lọ rẹrẹ. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ pé pèrègún la fi ń pa ààlà oko? Wọ́n ní ààlà oko ni. Wọ́n kéde pé kí ẹni tó ni oko jáde. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù òkú, ìdílé mẹ́ta ló jáde pé ti bàbá àwọn ni! Ìdílé kẹta tiẹ̀ búra pé bàbá àwọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Mo mọ bàbá náà. Inú igbó Agbabu ló sá sí lọ́dún yẹn, kò sì jáde títí ìbọn fi dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mà gùn o.

Mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ náà, Pamílẹ́rìn.

"Màmá Bọ́látitó, ilẹ̀ ìjà ni. Bí ẹjọ́ ò bá tíì parí, ẹnikẹ́ni ò lè sìnkú síbẹ̀."

"Pamílẹ́rìn, òkú ló kún ibẹ̀."

"Kò sí nínú ìwé wa, mà. Ẹ ò ṣe gbé òkú màmá náà lọ sí ìtẹ́ òkú tuntun? Ó ní fẹ́ǹsì."

"Ta ni Ẹfúnróyè mọ̀ níbẹ̀?"

Ó ní kí n máa lọ, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹfúnróyè sì wà ní mọ́ṣúárì di òní, ó ń dúró de ẹjọ́ oko tí kò sẹ́ni tó dá.

Ìwé kejì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè bi. Ta ló wò ó lójú tó ní kò sí bẹ́ẹ̀dì? Ta ló sọ sàréè di oko? Orúkọ ni mo fẹ́ gbọ́, ní gbangba. N kò fẹ́ "a máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé pósí rẹ̀ dé ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ náà. Kí Pamílẹ́rìn wá. Kí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, kí wọ́n mú ọkọ́ dání. Kí ẹni tó bá dá lójú pé ààlà bàbá òun ni hú pèrègún kan, ẹyọ kan péré, lójú gbogbo wa. Eegun tó bá bá gbòǹgbò jáde, bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kó gbé e lọ sílé, kó ṣòkú rẹ̀ bí ọmọ gidi.