Ọdún tí Ẹgbẹ́ Wa Di Ọlọ́rọ̀ Lórí Bébà

Òórùn kóòtù tó rin fún òjò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wa ń háyà ní Levenshulme, nílùú òyìnbó níbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ti ẹran díndín tí ẹnì kan ti gbé pamọ́ sábẹ́ àga kí àwọn tó tètè dé má baà jẹ ẹ́ tán. Níbẹ̀ ni àwa ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ti ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Níbẹ̀ náà ni Màmá Olùkọ́, obìnrin ará Ìbàdàn kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Àjọ aláàánú kan tó ń ran àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan lọ́wọ́ ló ń san owó gbọ̀ngàn fún wa. Bí àjọ náà bá dáwọ́ dúró, kíláàsì parí nìyẹn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mò ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì. Ohun tí mò ń kọ̀wé lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń wọn owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè agbedeméjì, àwọn tí kò tòṣì mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì lówó. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á kó gbogbo owó tó wọlé fún orílẹ̀-èdè náà lọ́dún kan jọ, wọ́n á fi iye orí ènìyàn pín in, wọ́n á sì fi í wé ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Bí iye náà bá ti ré kọjá ìlà kan báyìí, wọ́n á ní orílẹ̀-èdè náà ti gòkè, àwọn tó ń yá a lówó pẹ̀lú èlé pọ́ọ́kú á sì palẹ̀ mọ́. Mo lè sọ gbogbo èyí fún wákàtí méjì láìmu omi. Mo sì máa ń sọ ọ́, àní fún ẹni tó kàn bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí Alága fi pè mí nígbà tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àjọ náà pé kí á fi iye tó ń wọlé fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún náà. "Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí kí n tó gba oyè kankan, "iṣẹ́ ẹ rè é." Ti ọdún tó kọjá wà nílẹ̀. Akọ̀wé ti fi fóònù bi àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ti sọ tirẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Mo ní ọ̀nà yẹn kò bá ìmọ̀ òde òní mu. Mo mú bébà kan, mo fa ìlà sí i, orúkọ lápá òsì, iye owó lápá ọ̀tún, mo sì ní kó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìwọ tó o mọ̀ wá, o ti rí àṣìṣe mi. Nínú ẹgbẹ́ wa, bébà tó bá ní orúkọ lápá kan àti owó lápá kejì, tó sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, bébà ìdáwó ni. Ta ló fẹ́ kọ iye tó kéré sí ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀? Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ gbà á, ó sì kọ òótọ́, Ọlọ́run rí i. Ẹni tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó ń ṣe ọlọ́dẹ ní ilé ìtajà kan ní Stretford, wo ohun tí awakọ̀ kọ, ó wo ojú awakọ̀, ó fi bírò họ orí.

"Ṣé wọ́n máa kà á síta?" ó bi mí.

"Ẹgbẹ́ á rí i, sà."

"Èmi ni síníọ̀ ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì," ó sọ fún gbogbo wa, ó sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́ùn lé ti awakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," awakọ̀ ní, "ṣọ́ọ̀bù wo lẹ̀ ń ṣọ́ gan-an? Ẹ bá mi gba fọ́ọ̀mù níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Báyìí ni bébà ṣe ń gòkè bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa dé ìlà àga kẹta, obìnrin kan tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù méjì ti ń gba owó dókítà. Ẹnjiníà wa ló kàn gbẹ̀yìn, ẹni tó lówó lóòótọ́, tó ń gbé ní Dobcross, abúlé kan lórí òkè, nínú ilé olókùúta tí àwọn ahunṣọ gbé láyé àtijọ́, tó sì máa ń sọ fún wa ní gbogbo ìpàdé bí òun ṣe wa mọ́tò pẹ́ tó kí òun tó dé. Ó wo bébà náà. Inú rẹ̀ kò dùn rárá pé a ti sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Iye tó kọ, mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni.

Mo ro ó pọ̀, mo pín in. Owó ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí mo ti kà nípa wọn, kò sí èyí tó dàgbà báyẹn rí, kódà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí epo nínú ilẹ̀ wọn. Ó yẹ kí n fura. Dípò kí n fura, mo ya àwòrán ìlà pupa kan tó ń lọ sókè fíofío, nítorí ó rẹwà lójú mi, mo sì so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Màmá Olùkọ́ wò ó láti ẹ̀yìn mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé àwa la lówó tó báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí a bá pín in dọ́gba."

"Ta ló pín in dọ́gba?"

Mo fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé fún un. Ó ní mo ṣeun.

Èsì dé nínú oṣù kẹsàn-án. Alága dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á fún wa pé inú àjọ náà dùn láti rí i pé ẹgbẹ́ wa ti gòkè, àti pé a kò sí lára àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ mọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo búra fún ọ, wọ́n pàtẹ́wọ́! Ọlọ́dẹ Stretford tiẹ̀ dìde dúró. Èmi náà pàtẹ́wọ́ díẹ̀, nítorí ìlà pupa mi.

Màmá Olùkọ́ dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin olówó," ó ní. "Èwo nínú yín ló máa san owó gbọ̀ngàn ní Sátidé tó ń bọ̀?"

Gbogbo wa yíjú sí Ẹnjiníà. Ẹnjiníà yíjú sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó ní yìnyín máa ń tètè bọ́ lápá ọ̀dọ̀ àwọn, kí òun máa lọ. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ọṣẹ tí wọ́n fi nù ún ni ìṣòro wa. Mo kọ̀wé sí àjọ náà lọ́jọ́ kejì pé a ṣì í wọ̀n. Wọ́n fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé iye náà ti ọwọ́ onímọ̀ wá, pé àwòrán rẹ̀ ṣe kedere, àti pé a lè tún bẹ̀bẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Fún odindi ọdún kan, ilé Màmá Olùkọ́ ni kíláàsì wà. Pálọ̀ rẹ̀ gba ọmọ mẹ́fà. Àwọn tó kù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọmọ kan sí ìpele kan, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lókè. Èmi ni Màmá ní kí n dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí n máa gbé ohun tí òun bá sọ ní pálọ̀ lọ fún àwọn tó wà lókè. "Ṣebí o mọ nǹkan-án ṣàlàyé," ó ní. Mi ò pa Sátidé kan jẹ. Ojú tì mí jù.

Mo gba oyè náà, máàkì mi sì dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á báyìí pé orílẹ̀-èdè kan ti gòkè láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn, iye yẹn kọ́ ni mo ń kọ́kọ́ wò mọ́. Mo máa ń wá bí wọ́n ṣe bi àwọn ènìyàn léèrè lọ́dún tó ṣáájú, àti bí wọ́n ṣe bi wọ́n lọ́dún yìí, àti ẹni tó ń wo bébà ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń rí ọmọ ọdún méje kan lórí àtẹ̀gùn nínú òtútù oṣù kìíní, tó wọ ibọ̀wọ́, tó ń ka a, b, d tẹ̀ lé olùkọ́ tí kò rí lójú, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti di olówó.