Ooru Tí Ọwọ́ Mi Mọ̀

Òórùn àdín àti sódà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Sabon Gari lókè Ọya, nítorí ọṣẹ ni ìyá mi ń sè tà. Bí mo bá gbọ́ òórùn náà lónìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń rántí.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Òun ń múra ìdánwò àṣejáde, èmi ló sì máa ń kọ́ ní ohun tó bá kà. Ó ní ẹni tí ojú ń tì bíi tèmi ló ń gbọ́ràn jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu omi sínú agolo mílíìkì tó fi àkísà wé, ó ki tẹmómítà tí tíṣà yá a bọ̀ ọ́, ó wá bu sódà díẹ̀ sí i. Ó ní kí n di agolo mú. Ooru gba inú àkísà dé àtẹ́lẹwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀.

"Haba, sódà ọṣẹ mi lẹ fi ń ṣeré?" ni Ìyá wí láti ìdí ìkòkò.

"Ìyá, ìwé ni."

"Kí ìwé náà wá bá mi fọ aṣọ."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣàlàyé pé àwọn ooru kan wà tí a kò lè wọ̀n ní tààrà. Ta ló lè fi èédú àti gáàsì háídírójìn ṣe kẹrosíìnì lójú wa, kí a wọn ooru rẹ̀? Ṣùgbọ́n a lè sun èédú lọ́tọ̀, kí a sun gáàsì lọ́tọ̀, kí a sun kẹrosíìnì náà, kí a sì yọ ti ìkẹyìn kúrò nínú méjì àkọ́kọ́. Ó ní ọ̀nà yòówù kí a gbà, iye kan náà la ó bá.

Ní ìgbà ooru ọdún náà, ó jókòó síbi ògiri, ó ń ṣe ìṣirò yẹn gan-an. Mo gbé ife omi fún un, ọwọ́ mi kan ọwọ́ rẹ̀. Ó gbóná ju agolo ọjọ́sí lọ. Kò lè tẹ orí ba mọ́.

"Má sọ fún Ìyá. Kẹ́mísírì ni lọ́la. Tí mo bá ṣe é tán, mo máa lọ sí ọsibítù."

Ìyá bi mí pé kí ló ń ṣe é. Mo wolẹ̀. "Ó ń kàwé ni, mà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e jáde láti yàrá ìdánwò. Yírùnyírùn ni, àìsàn ọrùn líle tó máa ń jà nígbà ooru. Dókítà ní, "Ẹ̀ bá ti gbé e wá lánàá." Kí wọ́n tó kírun alásàárì ọjọ́ kẹta, a ti sin ín.

Ìyá kò bi mí ní nǹkan kan títí di òní. Ó kàn jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń po sódà, kì í jẹ́ kí n bá a di igbá mú mọ́.

Ní báyìí, bí ara ọmọ ẹnikẹ́ni bá gbóná, mo máa ń ké sí ìyá rẹ̀ kí n tó ronú. Àwọn ará ilé ní ojú kì í tì mí mọ́. Mo ti gba gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ìṣirò yẹn. Mo ní bóyá ì bá kú náà bí mo tilẹ̀ sọ, bóyá n kò jẹ̀bi. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń mú mi dé: ìdí ògiri yẹn, ife lọ́wọ́ mi, tí Ìyá ń bi mí ní ìbéèrè, tí mo sì mọ ìdáhùn.