Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Ń Sá fún Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Ní Sunday kan tí oòrùn mú ganrínganrín, tí gbogbo obìnrin inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán ń fi ìwé orin fẹ́ ara wọn, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú èmi. Eyín mi ń gbá ara wọn. Ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ egungun ìhà, bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí wọnú. Ẹni tó jókòó tì mí ní, "Mà, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà, mo sì mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ìtọ̀ mi ti pọ́n bí omi sobo, tó ń ta mí bí ata.

Kẹ̀kẹ́ arọ ni mo ń lò. Ọ̀kadà ló gbá mi nígbà tí mò ń ti Òkè-Onígbìn bọ̀, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń mọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí. Ibi tí màá tọ̀ ọ́ sí ni wàhálà. Nílé, mo ní póò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì há ju kẹ̀kẹ́ mi lọ. Báńkì ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Níbi ìdúpẹ́ ìsìnkú kan ní Rore, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ọkùnrin mẹ́rin gbé mi tòun ti kẹ̀kẹ́ gba àárín èrò kọjá, wọ́n ń pariwo, "Ẹ yà o! Màmá fẹ́ tọ̀!" Ká tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti dà sí mi lára. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní á-bí-dí. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wò mí. Hà! Ilẹ̀ ò kúkú lanu kó gbé mi mì.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá máa jáde, mi ò ní mu omi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí ẹnìkan bá fún mi ní píọ́ wọ́tà, màá ní, "Ẹ ṣé, mò ń gbààwẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo pè é. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ wo Màmá Tíṣà, pẹ̀lú ipò tí wọ́n wà, wọn kì í fi ààwẹ̀ ṣeré!" Kò pẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Àwọn aboyún ń wá kí n gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Wọ́n sọ mí di ẹni mímọ́, ìtọ̀ ni mò ń sá fún! Ó sì dùn mọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín.

Láàárọ̀ Monday, lọ́jọ́ kejì òtútù yẹn, ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, gbé mi lọ sí ọsibítù. A jókòó láàárín èrò láti aago mẹ́jọ títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀rá, àwọn ènìyàn ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, dókítà ní kòkòrò àrùn ti wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀, ó sì ti gòkè dé kíndìnrín. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tó ń da ìdọ̀tí inú rẹ̀ sínú ìtọ̀. Tí omi kò bá wọlé tó, ìtọ̀ ò ní lè ṣan kòkòrò dànù. Tí a bá tún há a mọ́nú pẹ́, ṣe ni kòkòrò á máa pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì ní, "Mà, báwo lẹ ṣe ń mu omi sí?"

Ọkọ mi ló dáhùn, pẹ̀lú ìyangàn: "Ìyàwó mi máa ń gbààwẹ̀ gan-an ni."

Mo dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìdákẹ́ yẹn ló ń tì mí lójú jù.

"Ẹ ṣíwọ́ ààwẹ̀ o, Mà. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ́ aládùúrà wá kí mi. Ìyá Ìjọ, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló ṣáájú. Ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mi mú kí wọ́n má baà ṣubú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbààwẹ̀ fún wa," wọ́n ní, "àwa náà ti ń gbà á fún yín láti àná. Omi ò kan ọ̀fun wa."

Ẹkún gbọ̀n mí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mu omi! Mi ò gbààwẹ̀ rí. Irọ́ ni mo pa." Mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá: Rore, àtẹ̀gùn, ìtọ̀ tó dà sí mi lára. Ojú gbà mí tì débi pé ògiri ni mo kọjú sí. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Bàbá Tóyìn ní, "Ìyá Tóyìn, tó fi mọ́ èmi?"

Ìyá Ìjọ jókòó. Wọ́n fi eyín já píọ́ wọ́tà, wọ́n mu ún tán láìmí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Orúnkún mi ò gba ìlóṣòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọdún méjì rèé tí mi ò fẹnu kan omi láàárọ̀ Sunday. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ọjọ́ méje ni mo fi gba abẹ́rẹ́, tí omi ń kán sí mi lára. Ó tó oṣù kan kí n tó lágbára. Mo fi ipò olórí ẹgbẹ́ aládùúrà sílẹ̀. Obìnrin tó jáde yẹn kò tíì kí mi títí dòní, mi ò sì bá a wí. Ìyá Ìjọ ló kó àwọn obìnrin lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n fọ́ àtẹ̀gùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n fẹ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ìjókòó síbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni o. Báńkì ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́ bíi tèmi, ẹ máa mu omi. Ẹ béèrè ibi tẹ́ ẹ máa tọ̀ sí kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì béèrè sókè. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá mi ni mo ti ń bínú sí ara mi yìí pé ó já mi kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló parọ́. Ara mi kọ̀, kò bá a pa á. Ní Sunday tó kọjá, láàárín ìwàásù, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo yí kẹ̀kẹ́ mi jáde. Ẹnikẹ́ni ò dìde, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èmi nìkan, mo sì ti ilẹ̀kùn.