Ayaba Tí Alhaji Àkíbù Kò Jẹ́ Kó Kú

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Alhaji Àkíbù ṣọ̀fọ̀ ayaba inú tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Odawna. Ó so aṣọ pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, níbi tó ti ń ta síìpù àti òwú, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó. Ní Accra ńbí, tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ pupa lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Kwabena oníbàtà sáré lọ wọ dúdú. Èmi gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì. Ààfáà Fatawu dé, ó tẹ́wọ́ àdúrà.

"Kí lorúkọ òkú?"

"Zarimela."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọba àwọn tó ń fò lófuurufú."

Ààfáà sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Alhaji, ibo ni wọ́n sin ín sí?"

"Wọn ò tíì sin ín. Wọ́n ń gbé e lọ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ìpolówó ọṣẹ dá a dúró."

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o, àwa gan-an la fà á. Èdè Twi ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù yẹn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Aago mẹ́fà rèé, inú ọkọ̀ trotro làwa máa ń wà, à ń relé. Alhaji nìkan ló máa ń ti ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́rin. Tílẹ̀ bá wá mọ́, á jókòó sórí àpótí, á sọ gbogbo ẹ̀ fún wa ní Yorùbá.

Tiẹ̀ sì yàtọ̀. Ó ní gbogbo ogun táwọn èèyàn yẹn ń jà, òun ò rí ẹnì kan ṣoṣo tó gbé ìkòkò kaná. "Ejò abìyẹ́ wọn dáa, aṣọ wọn dáa," ló máa ń wí, "àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ò níyàwó nílé." Nítorí náà, nígbà tí ejò abìyẹ́ fẹ́ tu iná sí ayaba lára, ayaba ti Alhaji ò yọ idà. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ejò gba kẹ́ńkè, ó gba ẹja, ó tún bèèrè ata.

Lọ́jọ́ kẹrin ọ̀fọ̀, ó ká aṣọ pupa kúrò, ó pè wá jọ. "Zarimela ò kú. Madina tòsí ibí ló wà, ó ń fara pamọ́."

Ìyá Àmínà tó ń ta ìborùn ní, "Ta lẹ wá ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta?"

"Kí àwọn ọ̀tá ẹ̀ lè gbà gbọ́ ni."

Ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tó ń dùn mí dòní. Bùkọ́lá ọmọ mi ti fi ìparí fíìmù náà hàn mí lórí fóònù. Mo kàn fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni o. Mo na fóònù sókè. "Alhaji, ẹ yé purọ́ fún wa jàre. Ọfà rèé láyà ẹ̀. Òkú ẹ̀ rèé."

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alhaji gba fóònù náà, ó wò ó. Ó wá fọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. "Ó dáa, Ìyá Bùkọ́lá. Fóònù mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Kò sọ ìtàn mọ́. Síìpù ló ń tà. Tá a bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Ẹ bi fóònù." A bi fóònù lóòótọ́. A wo apá kìíní fíìmù yẹn fúnra wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dáa lójú, àmọ́ ejò ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ogun ni Ìyá Àmínà ti sùn lọ.

Nígbà tí àìsàn dá Alhaji dúbúlẹ̀, mo gbé kókó, ẹ̀kọ mímu yẹn, lọ bá a lọ́sibítù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Alhaji, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Mo dìde. Mo ní, "Zarimela ńkọ́? Ní Madina tó wà?"

Ó wò mí. Ó wo àjà. "Ó ti gba yàrá. Ìyá onílé ní kó máa gbálẹ̀ àgbàlá. Ayaba tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú..."

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kumasi, wá lé mi pé àkókò ìbẹ̀wò ti tán. Alhaji bá yí ìtàn sí Twi kí òun náà lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí ọ̀gá ẹ̀ pariwo orúkọ ẹ̀ ló tó rántí lé mi.

"Wá lọ́la," Alhaji wí, "kí n sọ bó ṣe gba ìtẹ́ ẹ̀ padà."

Ẹrù mi dé lọ́jọ́ kejì, mo lọ gbà á ní Kaneshie. Mo ní ọ̀la ò jìnnà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Alhaji kú, ọjọ́ náà la sì sin ín.

Apá kejì fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mi ò wò ó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo padà sọ́sibítù, mo wá nọ́ọ̀sì yẹn kàn. Ó rántí mi.

"Maame, ó retí yín títí," ló wí. "Nígbà tẹ́ ẹ ò dé, ó ní kí èmi jókòó kóun parí ẹ̀."

A jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Á fo ibì kan, á tún padà síbẹ̀. Á dárúkọ èèyàn tán, á ní kì í ṣe ẹni yẹn. Kò mọ ìtàn í sọ rárá, ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó parí ẹ̀, mo ní kó tún un sọ.