Àdúrà tí Ìyá Lọ́yà Gbà Níwájú Rẹ́jísìrì

Ìgbà òtútù tó tẹ̀lé ọdún tí mo gboyè nínú ìmọ̀ òfin ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo ibi tí mo ti wáṣẹ́ ti dá mi lóhùn pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Obìnrin kan ṣoṣo ló gbà mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ ní Barking, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Rẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Lọ́yà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ máa ń dá mi dúró ní Heathway láti bi mí bóyá lóòótọ́ ló fi àdúrà tan odindi ìjọ jẹ, èmi ni mo di bàtà rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó kúrú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Kí òfin ilẹ̀ yìí tó gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin sì fẹ́ obìnrin, ó ti ń lọ láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ó ń sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kan kò dín ti ẹnì kejì kù. Wọ́n hó lé e lórí. Wọ́n tutọ́ sí mọ́tò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń jà pàápàá máa ń bi í pé kí ló kàn án, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ó máa ń dáhùn pé, "Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta rí ló mọ bí ìta ṣe tutù tó." Nígbà tí òfin yí padà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jó. Òun ò jó. Ó ní òfin ti yí, ó ku ojú tí àwọn ènìyàn fi ń woni.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìyá ìjọ ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan nítòsí Dagenham Dock, níbi tí ariwo lọ́rì ti máa ń dá sí ìwàásù. Ìlà iwájú ló ń jókòó sí; èmi àti màmá mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Olórí gbogbo wa ni Bàbá Àlàgbà, ará Èkìtì, tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò pọ̀ ní Dagenham títí iṣẹ́ náà fi tán. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, Yétúndé, nọ́ọ̀sì, ló wá sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú Kẹ́mi, obìnrin tó ń wa lọ́rì. Wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó.

Bàbá gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde lẹ́yìn ìwàásù, ó ní láàárọ̀ Sátidé, a ó lọ fi ara wa dí ẹnu ọ̀nà rẹ́jísìrì, ilé tí ìjọba ti ń so tọkọtaya pọ̀. "Àfi kí wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá."

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Ìyá Lọ́yà pé òfin wà lẹ́yìn wa, ká pe ọlọ́pàá. Ó wò mí títí ojú fi tì mí.

"Kí ọlọ́pàá wá wọ́ Bàbá Àlàgbà lọ pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, kí gbogbo ayé máa wò ó lórí fóònù? Fọlákẹ́, ta ló máa tún gbọ́rọ̀ wa ní Dagenham lẹ́yìn ìyẹn?"

Yétúndé, tó jókòó tì wá, sọ tirẹ̀ kúkúrú. "Ẹ̀yin Àǹtí, tí wọ́n bá fọwọ́ kan Daddy mi nítorí mi, mi ò ní wọlé. Mi ò ní ṣe é mọ́ láyé." Kẹ́mi ń ká etí síkáàfù rẹ̀, ó tún ń tú u.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé Sátidé láìní ètò kankan tí mo mọ̀. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á lù mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé màmá mi á wà níbẹ̀, pé n ó wò ó lójú, n ó sì fẹ́ kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọmọdé, n ó tún fẹ́ dúró síbi tí mo wà, pé n kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ni èmi gan-an.

Àwọn ará ìjọ ti kún ibẹ̀ kí a tó dé, gbogbo wọn nínú sùtánà, láìwọ bàtà, lórí òkúta tútù. Tùràrí ń rú. Màmá mi rí mi.

"Fọlákẹ́! Ṣé ohun tí mo ní kí o lọ kà nílé ìwé nìyí? Wo jákẹ́ẹ̀tì yẹn, kò tiẹ̀ nípọn. Òtútù á pa ẹ́!"

"Màmá Fọlákẹ́, ìjà la bá wá o," obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ má tún lọ gbé tíì fún wọn."

Òṣìṣẹ́ rẹ́jísìrì kan yọjú, ó ní bí tọkọtaya wa kò bá tètè wọlé, àwọn tó tẹ̀lé wọn ló kàn. Yétúndé àti Kẹ́mi wà lẹ́yìn mi nínú aṣọ funfun. Ìgbà yẹn ni Ìyá Lọ́yà sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó bọ́ kóòtù òtútù tó wọ̀, sùtánà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Rẹ̀mí, dìde. Èmi kọ́ lo wá kí."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín."

"Ẹ má gbà fún un!" ẹnì kan kígbe. "Lọ́yà ni!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí ìyá ìjọ bá wọ sùtánà tó ní òun fẹ́ gbàdúrà, a kì í kọ̀ fún un. Bí àdúrà bá sì ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn á kúnlẹ̀, á fi iwájú orí kanlẹ̀, á dijú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á fi pè wá sí oore-ọ̀fẹ́, àdúrà tí a fi ń parí. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Gbà á. Ọlọ́run kì í ṣe ọmọdé."

Gbogbo wọn wólẹ̀. Ìyá Lọ́yà bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ó dárúkọ eékún màmá mi tó ń dùn ún. Ó dárúkọ ọmọ tí wọn ò tíì fún ní ìwé ìgbélùú. Kò fo ẹnì kankan. Orúkún tèmi ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó ní, "Olúwa, ṣí ọ̀nà fún àwọn tó dúró síta nínú òtútù." Ó yé mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dúró nígbà tí ìjọ kúnlẹ̀, ó sì dà bíi pé ilẹ̀ fẹ́ gbé mi mì.

Mo ṣẹ́wọ́ sí àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn mi. Yétúndé bọ́ bàtà rẹ̀ kí ó má baà dún. Kẹ́mi náà bọ́ tirẹ̀. A ń gba àárín àwọn ẹ̀yìn funfun kọjá, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, títí ó fi ku Bàbá nìkan, tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an.

Bàbá gbé orí sókè.

Ó rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, bíi pé ilé Ọlọ́run ló ń wọ̀. Yétúndé dúró. Mo rò pé Bàbá yóò kígbe. Ẹnu rẹ̀ là. "Àmín," ló sọ, bẹ́ẹ̀ àdúrà kò tíì dé ibi àmín. Ó sún orúkún rẹ̀ díẹ̀, ó sì tún fi orí kanlẹ̀. "Àmín!" ni gbogbo ìjọ dáhùn. Yétúndé àti Kẹ́mi wọlé.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ dún láti inú ilé, àwọn ènìyàn fò dìde láìdúró de oore-ọ̀fẹ́.

"O fi àdúrà dẹ pàńpẹ́ fún wa!"

"Èwo nínú ohun tí mo bèèrè ni ẹ ò fẹ́?" Ìyá Lọ́yà ṣì wà lórí eékún.

Wọ́n gba ìjókòó iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó má wọ sùtánà mọ́. Inú yàrá rẹ̀ ní Rush Green ló ti ń gbàdúrà báyìí, òun nìkan, ó sì máa ń sọ pé kò dun òun, mo sì mọ̀ pé ó dùn ún. Màmá mi bínú sí mi pẹ́, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn kan ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Yétúndé àti Kẹ́mi di ẹbí lójú òfin. Bàbá kò tíì dé ilé wọn rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá sí ọ́fíìsì wa. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò jókòó.

"Rẹ̀mí, àdúrà ọjọ́ yẹn. A ò ṣe oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n sùn."

"Èmi náà, Bàbá. Ṣùgbọ́n a ò pé síbí. Ẹ pe Yétúndé." Ó fa àga kan sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí, Bàbá. Ẹ ti bá a wí tó. Ọ̀tún ńkọ́?"

Bàbá yíjú sí mi, ó ní nọ́ńbà Yétúndé ti sọnù lórí fóònù òun. Mo kọ ọ́ fún un. Mo ní kó fi nọ́ńbà ọ́fíìsì wa náà síbẹ̀, bóyá ó máa fẹ́ kí a wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ parí àdúrà náà.

Kò tíì pè. Nígbàkígbà tí fóònù bá dún, mo ti máa ń dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde.