Kìnnìún Síméńtì Lórí Àbàtà Awọ́nríwọ́n

Wọ́n pa awọ́nríwọ́n, ẹranko tó gba bàbá ńlá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìsìnrú, wọ́n sè é, wọ́n sì gbé e ka iwájú àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ pé ká jẹ.

Mo rántí ìgbà tí àbàtà ṣì wà lẹ́yìn ilé wa l'Ágége, kí fẹ́ńsì iléeṣẹ́ tó gba ibẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá ńlá wa, ọdẹ tó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò náà dó, sá sí nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ń lépa rẹ̀. Ó gba etí omi kọjá, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn ketekete nínú ẹrẹ̀. Awọ́nríwọ́n kan jáde láàárín koríko, ó wọ́ ìrù kọjá lórí ojú ẹsẹ̀ náà, ó pa á rẹ́. Nígbà tí àwọn akónilẹ́rú dé, ipa ìrù ẹranko nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n bá yà síbòmíì. Láti ọjọ́ náà, ìdílé wa kì í pa awọ́nríwọ́n, a kì í sì í jẹ ẹ́. Bí ọmọ wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn, a ó gbé e lọ sétí àbàtà nírọ̀lẹ́, a ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú ẹrẹ̀, a ó sì gbé e padà wálé. Tó bá di àárọ̀, tí a rí i pé ìrù ti kọjá níbẹ̀, ìyá àgbà á fọwọ́ pa ọmọ náà lórí, wọ́n á ní, "Ó ti bò ọ́. Ọ̀tá ò ní rí ọ̀nà rẹ."

Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo kàwé ìtàn, mo sì gbọ́n ju gbogbo ilé lọ. Mo wálé lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá àgbà, awọ́nríwọ́n ò kúkú mọ bàbá yín rí. Omi ló ń wá lọ ní tiẹ̀."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé! Bó mọ̀ ọ́n, bí ò mọ̀ ọ́n, ṣé ó gbà á sílẹ̀ àbí kò gbà á? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ níyẹn níbẹ̀?"

Wọn ò kọ́ mi. Ọba àti jagunjagun ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, n ò sì gbọ́ ọ rí pé ọ̀kan nínú wọn jẹ ẹranko kankan lọ́pẹ́.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, olórí ẹbí wa, àbúrò bàbá mi, gbé ilẹ̀ náà fún iléeṣẹ́ kan. Lójú gbogbo wa ni iléeṣẹ́ náà ti ṣèlérí pé àwọn ò ní fọwọ́ kan etí omi. Irọ́ gbuu! Omi dúdú tó ń hó bí ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí sínú àbàtà wa. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ dákẹ́, lékeléke tẹ̀ lé wọn. Òórùn rẹ̀ burú débi pé ìdọ̀tí ilé ìpẹran Oko Ọba lọ́jọ́ òjò dà bí lọ́fínńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ dí i, wọ́n sì da síméńtì lé iyẹ̀pẹ̀ náà lórí.

Ìgbà tí wọ́n ṣe gbogbo èyí tán ni wọ́n wá pè wá síbi ayẹyẹ. Wọ́n ní àwọn ń bọlá fún akọni inú ìtàn. Wọ́n ṣí aṣọ lójú ère: bàbá ńlá wa rèé, ó gbé ìbọn lé èjìká, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé kìnnìún síméńtì lórí. Kìnnìún! L'Ágége!

Mo bi mánéjà wọn pé, "Ọ̀gá, níbo ni bàbá wa ti rí kìnnìún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ẹ dákun, kìnnìún ló yẹ akọni. Ṣé alángbá ńlá yẹn lẹ fẹ́ ká fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni?"

Àṣé ó mọ ìtàn náà. Ó gbọ́ ọ, ó kàn rí i bí ohun ìtìjú ni.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ọbẹ̀ ata tó ń hó yaya. Olórí ẹbí ti ń jẹ tiwọn. Mo fi ṣíbí yí ẹran inú abọ́ mi padà, mo sì rí awọ rẹ̀: ìpẹ́ wínníwínní, àmì ràkọ̀ràkọ̀ lára rẹ̀. Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo pe obìnrin tó ń bu oúnjẹ, mo ní ẹran kí ni.

"Ẹran ìgbẹ́ ni, mà. Awọ́nríwọ́n. Ẹ̀yìn fẹ́ńsì níbí làwọn òṣìṣẹ́ ti pa á nígbà tí wọ́n ń da síméńtì. Ẹ jẹ ẹ́, mà, ó dùn ju ẹja lọ."

Mo kọjú sí olórí ẹbí. Wọ́n ti gbọ́. Ẹran ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọn ò jẹ ẹ́ mọ́, wọn ò sì tu ú. Wọ́n wo mánéjà, wọ́n wò mí.

"Bàbá, ẹ tu ú dànù!"

"Má pariwo," wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àlejò ń wò wá."

Wọ́n gbé e mì. Ìta ni mo sáré lọ bì sí, lẹ́bàá ẹsẹ̀ kìnnìún wọn.

Ọmọ mi ti ń rìn báyìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, mo gbé e lọ síbi tí àbàtà wà tẹ́lẹ̀, kò kúkú síbòmíì tí mo lè gbé e lọ. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lórí síméńtì. Ó rìn, ó ṣubú, ó dìde, ó tún rìn. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè wá pa á rẹ́.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ta ló fún yín láṣẹ láti dí àbàtà tí ẹ ṣèlérí lórí rẹ̀? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti bẹ ibẹ̀ wò, òórùn yẹn ò dé imú yín ni? Ẹ̀yin olórí ẹbí wa, tẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lẹ́nu yín, tẹ́ ẹ sì gbé e mì nítorí ojú àlejò: ẹsẹ̀ tiyín náà ti wà nínú ẹrẹ̀ yẹn rí, awọ́nríwọ́n sì bò yín. Ta ni yóò bo tọmọ mi? Ẹ dá mi lóhùn.