Oníbàárà Ìyá Mi Ló Kọ́ Mi ní Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Laranto ní Jos níbí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọmọ gbọ́dọ̀ kà sókè, kó sì sípẹ́lì ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, kó tó lè bọ́ sí kíláàsì kẹrin. Mo kùnà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ní bí mo bá tún kùnà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò fẹ́ fi ìyá mi sílẹ̀ rárá.

Abọ́ ni ìyá mi ń tà, kò sì mọ A yàtọ̀ sí B. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá ti ń ná ọjà, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ojú ìwé kan lẹ́nu mi. “Zauna tukuna,” ni yóò wí, “jókòó ná.” Alhaji tó ń ta àlùbọ́sà á tún ẹnu mi ṣe. Nọ́ọ̀sì Berom kan á dé, á tú ti Alhaji ká. Ará Igbo tó ń ta oògùn á ní àwọn méjèèjì ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mi ò tíì kà dé ìdajì tí tíṣà wa fi dá mi dúró. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn èèyàn mẹ́rin lẹ́nu ẹnì kan, ta ló kọ́ mi? Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́. Kò sọ pé mo yege, kò sọ pé mo kùnà. Ó kàn tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà.

Ó mú abọ́ kan, ó béèrè iye rẹ̀, ó ní ó ti wọ́n jù. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n rí. “Ẹ jókòó ná, àǹtí, kẹ́ ẹ gbọ́ ọmọ mi.”

Tíṣà jókòó. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọwọ́ ìyá mi lẹ́yìn mi. Tíṣà wá béèrè bóyá bí a ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

“Àfi ọjọ́ Ìsinmi,” ni ìyá mi fèsì. “Ẹ bá mi tún ibi tó wọ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ fẹ́ mú un lọ.”

Tíṣà gbé abọ́ náà sílẹ̀. “Màmá, ó ti yege. Ibi tó wọ́, màá máa wá tún un ṣe níbí ní Sátidé.”

Lónìí, fóònù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Dadin Kowa ní Jos níbí ń bi bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara ju tèmi lọ, inú mi sì dùn sí i. Tèmi ò tíì tọ́ tán títí dòní, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n dàgbà lọ́dọ̀ ìyá mi.